Kọ̀ǹpútà Tí Ojú Rẹ̀ Kò Fẹ́ Là

Bátìrì ni mò ń tà ní Kábà nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Bátìrì rédíò, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, gílóòbù, àti wáyà díẹ̀díẹ̀. Nítorí èyí, gbogbo àdúgbò gbà pé mo mọ̀ nípa iná, bí ẹni pé ẹni tó ń ta iyọ̀ ló dá òkun. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé iná mànàmáná ń bà mí lẹ́rù ju paramọ́lẹ̀ lọ. Paramọ́lẹ̀, o lè fi igi pa á. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù nínú yàrá ara mi, mo máa ń wọ bàtà rọ́bà, mà á fi aṣọ wé ọwọ́, mà á sì ní kí ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí á lè rí ẹni tí yóò ròyìn bí mo ṣe kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, kò gba èyí gbọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ka ìwé mẹ́fà tó sì ń ta bátìrì, kí ló kù tí kò mọ̀? Òun kò kàwé rárá. Àgbẹ̀ kọfí ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ahun. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ lọ kàwé nílùú òyìnbó, oko kọfí tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló tà, èyí tó wà lójú ọ̀nà Ìyàrá. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ títí ó fi tà á tán. Ọmọ náà lọ. Níbẹ̀rẹ̀, a ń gbúròó rẹ̀ déédéé. Nígbà tó yá, ó wá dàbí kànga nínú ọ̀gbẹlẹ̀: o fa okùn títí apá ń ro ọ́, ẹrẹ̀ lo rí fà jáde.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ nínú jù ni ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan, ẹgbẹ́ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin náà ti kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀ títí ó fi rò pé òun ni adájọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò wá wo ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi. Yóò jókòó sórí àga tó dára jù nínú ilé, yóò jẹ ẹ̀pà onílé, yóò sì tún bú onílé.

"Okun o. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ṣé ó ṣì rántí pé Kábà wà lórí ilẹ̀ ayé?"

"Okun," ni ẹ̀gbọ́n mi yóò fi dá ìkíni rẹ̀ padà. "Jókòó."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo wà ní kọ̀rọ̀ ni mà á máa fi inú bú akọ̀wé kóòtù. Inú nìkan ni mo lè fi bú u, torí àgbà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

Tẹlifíṣọ̀n yẹn fúnra rẹ̀ nílò àlàyé. Sítéṣọ̀n kan ṣoṣo ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì dé ní ìrọ̀rùn. Ọjọ́ tí a wá a rí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló di òpó ẹ́ríà mú lẹ́yìnkùlé nínú òjò, ẹ̀gbọ́n mi ń yí bọ́tìnnì tó wà níwájú ẹ̀rọ náà, èmi sì dúró lójú fèrèsé, mò ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, mò ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. "Ó dé." "Ó ti lọ." "Wọ́n ní kí o padà síbi tí o wà." "Ibo ni mo wà?" Báyìí la ṣe é títí obìnrin náà fi ń gbọ̀n. Nígbà tí àwòrán dúró, tí a rí ọkùnrin kan tó wọ táì tó ń ka ìròyìn láàárín àwọn àmì wínníwínní tí à ń pè ní yanrìn, ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹnikẹ́ni má mira. Ó yọ́ àbẹ́là lé bọ́tìnnì náà lórí, ó fi púláástà àwọn nọ́ọ̀sì wé e bí ìka tó dá, ó da sìmẹ́ǹtì sí ìdí òpó ẹ́ríà, ó sì kéde pé ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, kí onítọ̀hún wá ilé mìíràn. Púláástà náà dúdú nígbà tó ṣe, kò sì sí ẹni tó rántí mọ́ pé nǹkan yíyí ni nǹkan tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Kábà tiwa, tẹlifíṣọ̀n ní sítéṣọ̀n kan bí ènìyàn ṣe ní orí kan.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde lọ́dún kan, ará Ayewa kan tó ti ìlú òyìnbó wá kí àwọn òbí rẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú páálí kan. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi rán òun. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ọtí, ó ní bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ bíi ti ẹ̀rọ tàípù. Tiransífọ́mà rẹ̀ wúwo bíi bíríkì. Ìdìmú méjì tí à ń fi ọwọ́ mú ṣeré bá a wá, pẹ̀lú wáyà gígùn kan.

"Kọ̀ǹpútà ni," ó wí. "Eré ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọmọ yín ní ẹ̀yin nìkan ni kí n gbé e fún. Ó ní ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, kí ẹ máa fi ṣeré lẹ́yìn oko." Ó fi ibi tí wáyà ń wọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n hàn wá, níbi tí a ti ń ki ti ẹ́ríà bọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí Ayewa kí iṣu iyán tí a gbé kaná nítorí rẹ̀ tó jinná.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé nǹkan náà lé itan bí ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ òun fi ránṣẹ́. Akọ̀wé kóòtù ló kọ́kọ́ dé, kò dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Ó yí kọ̀ǹpútà náà wò síwá sẹ́yìn.

"Ẹ̀rọ tàípù tí kò ní ibi tí wọ́n ń ki ìwé sí," ó wí. "Ó dára."

"Eré ni wọ́n ń fi í ṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Ó wá kọjú sí mi. "So ó."

Mo so wáyà rẹ̀, mo bẹ gbogbo nǹkan wò. Mo tún un wò. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi.

"Tẹ̀ ẹ́."

"Kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa."

"O ti ń wò ó láti àárọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, iná kì í ṣe nǹkan tí à ń kánjú sí."

"Ìwọ tí o ń tà á."

"Bátìrì ni mò ń tà. Èyí tó wà nínú ògiri yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ bátìrì."

Mo lọ yá ọmọrogùn lọ́wọ́ ìyàwó wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo dúró lókèèrè, mo dijú, mo sì fi orí ọmọrogùn tẹ súwíìṣì. Kò sí ohun tó bú gbàmù. Nígbà tí mo lajú, iná pupa kékeré kan ń tàn lára kọ̀ǹpútà náà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kan, yóò dún tọ́ bí ẹni tó dáhùn ìkíni. Ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n kò fi nǹkan kan hàn. Yanrìn ni, yanrìn funfun tó ń hó ṣàà bí epo gbígbóná. A yọ wáyà, a tún un kì bọ̀. Yanrìn. A pa gbogbo rẹ̀, a sinmi, a tún un tàn. Yanrìn náà ni.

Akọ̀wé kóòtù jẹ ẹ̀pà mìíràn.

"Má jẹ́ kó dùn ọ́," ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Mo ti gbọ́ nípa àwọn òyìnbó. Bí nǹkan wọn bá ti bàjẹ́, ààtàn ni wọ́n ń jù ú sí. Ọmọ rẹ rí i nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó ṣáà rántí rẹ."

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré ló ń rò. Ó ta oko fún ọmọ kan, ọmọ náà sì lè ti fi ohun tó ṣà nílẹ̀ san án. Ọjọ́ Ìsinmi sì ń bọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá fi ojú ara wọn rí i.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ mú atúnrédíòṣe tó wà nítòsí ọjà wá. Ìyà ni mo fi jẹ ara mi. Ọkùnrin náà kò mọ̀ ju àrùn kan lọ láyé. Bí o bá gbé rédíò wá, kápásítọ̀, nǹkan kékeré kan tó ń tọ́jú iná nínú ẹ̀rọ, ló jó. Bí ó bá jẹ́ fáànù, kápásítọ̀ ni. Bí o bá fa ewúrẹ́ tí kò jẹun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò tẹ inú rẹ̀ wò, yóò mi orí, yóò ní kápásítọ̀. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó wo yanrìn, ó na ọwọ́ sí ọ̀kánkán bọ́tìnnì tí a fi púláástà wé. Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. Atúnrédíòṣe fa ọwọ́ padà, ó fi họ orí.

"Kápásítọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ni," ó wí.

Ó tú u palẹ̀. Ó fi irin gbígbóná jó òjé síbì kan, èéfín sọ, èmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí èéfín tó dé òkè àjà. Nígbà tó dì í padà, súkúrù kan ṣẹ́kù sílẹ̀. Mo fi hàn án.

"Èyí kò ṣe pàtàkì," ó wí. "Àwọn òyìnbó máa ń fi kún un."

Iná pupa tàn. Ó dún tọ́. Yanrìn.

Ní Sátidé ni àna wa dé láti Ìyàrá, ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. A ti gbé gbogbo ọkàn wa lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n mi, ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ náà sọ èdè òyìnbó. Ó yí i po. Ó sọ nípa ìgbì ohùn inú afẹ́fẹ́ títí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Láàárín ọ̀rọ̀, òun náà na ìka sí bọ́tìnnì oní-púláástà.

"Bàbá, bóyá kí á..."

Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́.

Ìka àna wa dúró lófuurufú. Ọmọkùnrin tó fẹ́ ọmọ ènìyàn kì í bá bàbá ìyàwó rẹ̀ jiyàn nínú ilé rẹ̀. Kò sí nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n gbogbo Ìyàrá àti Kábà ló mọ̀ ọ́n. Ó yí ìka náà padà, ó fi ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.

"Bóyá kí á gbé e síbi tó tutù," ó wí. "Ìlú tútù ló ti wá. Ooru wa lè ti mú un."

Kí ẹ má rẹ́rìn-ín. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù omi. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, mo tilẹ̀ ta àpò tútù bò ó láti òkè, láìjẹ́ kó kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé e padà. Yanrìn. Àna wa jẹun àárọ̀, ó ní ìpàdé ń dúró de òun ní Ìyàrá, ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú. Ìyàwó wa dúró sílé. Mùsùlùmí ni láti ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí tó wà nítòsí wa níbí, òun ló ń gún iyán fún àwọn àlejò. Èmi náà kò lọ. Mo ní mò ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Mo ṣọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

Àwọn àgbà náà dé pẹ̀lú agbádá àti ìwé orin wọn. Wọ́n jókòó yí pálọ̀ ká. Akọ̀wé kóòtù gba àga rẹ̀.

"Okun o. Ṣé òkú náà ti jí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé ikọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tan ẹ̀rọ náà. Ó mọ̀ pé yanrìn ni a ó rí, èmi náà mọ̀, síbẹ̀ ó ní kí n tàn án. Mo tàn án, pẹ̀lú ọmọrogùn, lójú gbogbo ayé. Wọ́n wo yanrìn. Ó hó fún wọn.

"Ó ga o," ni ọ̀kan wí. Kò sọ ohun tó ga.

"Mo ti sọ fún un," akọ̀wé kóòtù wí. "Ohun tí a bá rí ní ààtàn, ààtàn ló mọ ìdí rẹ̀."

Ìyàwó wa gbé omi wọlé nígbà yẹn. Ó gbé omi kalẹ̀, kò jáde. Nílé wa, obìnrin kì í ko ọkọ rẹ̀ lójú níwájú àlejò. Bí ọ̀rọ̀ bá ń jó o nínú, yóò wá àbúrò ọkọ kan tí yóò gba inú rẹ̀ sọ ọ́. Mo rí i tó ń wò mí. Mo wo òrùlé.

"Ọkọ mi," ó pè mí, "ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan."

"Iyán ti ṣetán ni?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyán. Ẹ bi wọ́n pé nígbà tí mo di òpó mú nínú òjò, ṣé ojú kan ni bọ́tìnnì yẹn dúró sí?"

Gbogbo pálọ̀ ló gbọ́. Mo ṣáà níláti gbé e dé ibi tó ń lọ. Ohùn tí mo fi gbé e kéré bíi ti ẹ̀fọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó wa ní kí n bi yín pé..."

"Mo gbọ́. Sọ fún un pé à ń yí i ni."

"Wọ́n ní à ń yí i ni."

"Ibi tí wọ́n wá dì í mọ́, ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, láìgba ọ̀dọ̀ mi. "Sítéṣọ̀n."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn," ni obìnrin náà wí, èmi ló sì kọjú sí, "pé ilé sítéṣọ̀n la ti ń kanlẹ̀kùn láti ọjọ́ yìí, tí à ń pe ọmọ wa. Ta ló sọ fún wọn pé ibẹ̀ ló wọ̀ sí? Wọn kò jẹ́ kí ẹnì kan wo ilé kejì."

N kò tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n mi wo púláástà náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Akọ̀wé kóòtù ti dìde lórí àga.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan o," ó wí. "Ẹ̀yin ẹ fara balẹ̀. Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí i.

"Ìròyìn wo lò ń dúró dè?"

"Ìròyìn ni ìròyìn. Ṣé o fẹ́ fi sítéṣọ̀n ṣòfò nítorí..."

"Nítorí kí ni?"

Akọ̀wé kóòtù tó ti kọ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú sílẹ̀ padà jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ìyàwó wa fi ọ̀bẹ sí i. Ó na ọ̀bẹ náà sí mi.

"Ìwọ tí o mọ iná."

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi tutù."

"Kí ló fi tutù?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan àmù."

Ó gbójú kúrò lára mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kí ó tò sẹ́yìn ara mi. Mo ti bú ara mi kí ọ̀bẹ tó kan àbẹ́là. Láti ẹ̀yìn férémù ilẹ̀kùn ni mo ti wò ó tó ń ha á. Àbẹ́là ń já bọ́ bí ìpẹ́ ẹja. Púláástà ti lẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi èékánná fà á ya. Ó di bọ́tìnnì náà mú, ó dúró díẹ̀, ó sì yí i. Ó ta káń. Yanrìn. Káń. Òkùnkùn. Ìlà funfun kan kọjá bí ẹyẹ. Ó ń yí i díẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ìkòkò gbígbóná, yanrìn rọlẹ̀, ariwo dákẹ́, lẹ́tà funfun sì dúró gbọn-ín láàárín ojú tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́ ju ojú ọkùnrin oní-táì lọ ní gbogbo ọdún tí a ti ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè kà á. Kò yíjú.

"Kí ló kọ?"

Mo jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ó ní kí ẹ tẹ bọ́tìnnì bí ẹ bá ti ṣetán."

"Ta ló ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó jókòó sílẹ̀, lórí ẹní, tòun ti agbádá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mú ìdìmú kan. Lẹ́tà náà ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó yára. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, igi méjì yọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bọ́ọ̀lù kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ ń fò láàárín wọn. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lára igi rẹ̀. Ó tún kọjá. Ọkùnrin tó lè fi àdá gé ẹ̀ka kọfí láìwò ó kò rí hóró àgbàdo gbá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sún mọ́ ọn, wọ́n ń kọ́ ọ ní ohun tí wọn kò mọ̀.

"Lọ sókè. Mo ní sókè."

"Òkè ibo? Ìwọ náà wá gbá a."

"Gbé e fún mi, kí o rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ẹni tó gba ìdìmú kejì ni akọ̀wé kóòtù. Iyán tutù. Ó di ìrọ̀lẹ́, kò sí ìròyìn, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè rẹ̀, torí ẹni tó máa ń bèèrè ti ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó ń làágùn, ó ń fi ahọ́n dí ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ọmọ tó ń kọ́ lẹ́tà. Mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè ọ̀rọ̀ ààtàn. Èmi ìbá ti bi í léèrè, ǹ bá sì ti bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi kò bi í. Ohun tó sọ fún un kò ju pé kí ó sún díẹ̀, orí rẹ̀ dí òun lójú.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé dé. Atúnrédíòṣe ń sọ ọ́ káàkiri ọjà pé kápásítọ̀ tí òun fi sí i ló ń ṣiṣẹ́. Àna wa ránṣẹ́ láti Ìyàrá pé òun ti mọ̀ pé òtútù yóò ràn án lọ́wọ́. Kò sí èyí tó mẹ́nu ba ìyàwó wa, ìyàwó wa náà kò sì mẹ́nu ba ara rẹ̀. Àwo ló ń fọ̀. Sítéṣọ̀n ní tirẹ̀ kò padà bọ̀rọ̀. A yí bọ́tìnnì títí, ọkùnrin oní-táì kọ̀ láti jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ti pa ẹ̀rọ náà, ó ń ká wáyà rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù.

"Ará Ayewa yẹn, ìgbà wo ló ń padà?"

"Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ yìí."

"Lọ bá a lọ́la. Ní kí ó sọ fún ọmọ mi pé mo rí i."

"Pé kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́?"

"Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mò ń wí. Mo ní mo rí i. Bẹ́ẹ̀ ni kí o sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ayewa, mo sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.